Ọ̀gá Afojúwọnlé àti Ológbò Ojú Fèrèsé

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá jókòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde ná. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa dárúkọ òun lórí ìjókòó. Ọgọ́rin òṣìṣẹ́ ló wà ní ọ́fíìsì owó-orí ilé ní ìlú náà, gbogbo wọn ló sì máa ń dìde fùú bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ ní kọ́rídọ̀. Wọn á dìde, wọn á sì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ojú yín ríran, ọ̀gá!" Òun náà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á di ojú méjèèjì, á ní, "Ó ríran. Ó ríran ju bí ẹ ṣe rò lọ." Ìgbà yẹn ni wọ́n tó lè jókòó. Bí ẹ̀yin náà bá ti kí i tán, ẹ lè jókòó báyìí.

Òun ni Ọ̀gá Àgbà fún Ìdíyelé Ilé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ ilé kọ̀ọ̀kan wò kó sì sọ iye tó tó, kí ìjọba lè mọ owó-orí tí onílé á máa san lọ́dọọdún. Òfin ní kó wọ inú ilé, kó ka yàrá, kó fi téèpù wọn ògiri. Ṣùgbọ́n òfin ò mọ irú ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún un ní ọkọ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, kò sọ̀kalẹ̀ níwájú ilé ẹnikẹ́ni mọ́. Awakọ̀ á dúró ní òdìkejì títì, ọ̀gá á yí gíláàsì wálẹ̀ díẹ̀, á wo ilé náà fún ìwọ̀nba ìgbà tí ènìyàn fi ń họ imú, á ní, "Ó tó," wọ́n á sì máa lọ. Àwọn ará ìlú bá sọ ọ́ ní Afojúwọnlé. Èébú ni wọ́n fi ṣe. Ọ̀gá gbọ́, inú rẹ̀ dùn dé ọrùn, ó ní kí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì òun.

Bó bá jẹ́ pé ó kàn ń wò ni, bóyá à bá fi orí jì í. Àmọ́ ní gbogbo àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ó máa ń kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ sínú gbọ̀ngàn, á sì ka ìròyìn àwọn ilé tó ti "wọ̀" lọ́sẹ̀ tó kọjá sí wọn létí. "Mo wọlé, mo rìn káàkiri," báyìí ni gbogbo ìròyìn náà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá pàtẹ́wọ́, á fi nǹkan kún un. Bí wọ́n bá tún pàtẹ́wọ́, á tún fi kún un. Akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ nítorí ìkíni, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bírò. Àṣẹ tí ọ̀gá pa fún un ni pé ohunkóhun tí ẹnu òun bá sọ níbẹ̀, kó kọ ọ́ sínú fáìlì bó ṣe jáde gẹ́lẹ́, kò gbọdọ̀ fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin èèyàn mi. A ó padà sórí rẹ̀.

Ní òpópó tó lọ sí ilé ìlagi, obìnrin aránṣọ kan wà níbẹ̀, opó ni. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn jẹ́ akunlé, ó sì tún máa ń ya àwòrán sára pátákó ìsọ̀. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú débi pé bó bá ya búrẹ́dì, ebi á pa ọ́. Ilé tí ọkùnrin náà kọ́ ni aránṣọ ń gbé pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀, ìyá arúgbó kan tí orúnkún ń dùn, ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ ṣì mú. Yàrá méjì àti pálọ̀ ni, pálọ̀ náà ló sì ti sọ di ìsọ̀ ìránṣọ.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Ohun tí àwọn èèyàn ń rí láti títì yàtọ̀. Nígbà tí akunlé ń kọ́ ilé, ó ti lọ fọ́nnu fún gbogbo ẹbí rẹ̀ pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lòun ń kọ́. Ògiri iwájú òkè ló mọ tán tí owó fi tán. Kò sí ògiri ẹ̀yìn lókè, kò sí àjà, kò sí àtẹ̀gùn. Ògiri kan ṣoṣo ló dá dúró lórí ilé, páànù ìsàlẹ̀ ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀, tó lọ sílẹ̀ sí ọ̀nà àgbàlá. Akunlé ò lè fara da ìtìjú. Ó gbé àkàbà, ó kó ọ̀dà, ó sì fi ọ̀sẹ̀ méjì ya fèrèsé mẹ́fà sára ògiri náà, pẹ̀lú kọ́tìnì búlúù tí èèyàn á rò pé atẹ́gùn ń fẹ́. Ojú fèrèsé kẹta ló ya ológbò kan sí, ológbò pupa rúsúrúsú tó ká jọ tó ń sùn. Ilé ọ̀tún àti ti òsì fara tì í, wọn ò sì ní fèrèsé ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀yìn ilé kọjú sí ògiri gàgàrà ilé ìlagi. Ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀.

Ó bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó má sọ fún ẹnì kankan, pàápàá jù lọ ìyá òun. Wọ́n bá sọ fún ìyá pé àwọn ti fi òkè háyà fún ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í pariwo. Ọdún mọ́kànlá ni ìyá fi ń sọ fún àwọn àlejò pé òun ò rí irú ayálégbé bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Aránṣọ á tẹ orí mọ́lẹ̀, á máa tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà ìdíyelé dé. Wọ́n ní ilé aránṣọ jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá mẹ́fà lókè, ilé ọlọ́lá, owó-orí tí wọ́n sì bù lé e ju ohun tí ìránṣọ ọdún mẹ́rin lè mú wá. Bí kò bá san án láàárín oṣù mẹ́ta, wọ́n á ti ilé náà pa, wọ́n á sì tà á. Bó bá ní àtakò, kó kó ẹ̀rí wá síwájú Ìgbìmọ̀ Ìtúnyẹ̀wò láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Aránṣọ ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó wo ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń sùn lórí àga. Ibo ni wọ́n fẹ́ gbé ìyá yìí lọ?

Ó lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n mú un dúró láti àárọ̀ títí di ọ̀sán kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé. Afojúwọnlé jókòó sẹ́yìn tábìlì kan tó gbòòrò, akọ̀wé dúró lọ́tùn-ún rẹ̀, òṣìṣẹ́ mẹ́rin tí iṣẹ́ wọn kò yé ẹnikẹ́ni sì dúró lósì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá," ni aránṣọ wí, ó ti kúnlẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ilé mi ni mo bá wá. Ẹ ní mo ní yàrá mẹ́fà lókè. Ọ̀gá, kò sí òkè."

Afojúwọnlé rẹ́rìn-ín. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́rìn-ín. Ó dákẹ́, àwọn náà dákẹ́.

"Kò sí òkè," ni ó tún sọ, ó ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́nu. "Obìnrin, ṣé o mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀? Ojú méjì tí ò ń wò yìí, ìwọ̀n ni wọ́n. Ìpéǹpéjú mi, rúlà ni. Nígbà tí wọ́n bí mi, agbẹ̀bí ò tíì gbé mi sókè tí mo ti wo àjà ilé, tí mo ti mọ iye tó tó. Èmi ni kò rí òkè? Òkè ló ń sá fún ọ ni?"

"Ojú yín ríran, ọ̀gá!" ni àwọn mẹ́rin náà pariwo.

"Ọ̀gá, àwòrán ni àwọn fèrèsé yẹn. Ọkọ mi ló yà wọ́n."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún mọ́kànlá tí ọ̀rọ̀ náà fi jáde lẹ́nu rẹ̀. Ojú ọkọ rẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Ẹ wò ó, àṣírí tí kò sọ fún ìyá tó bí ọkọ rẹ̀, ilẹ̀ ọ́fíìsì ló kúnlẹ̀ sí tó fi sọ ọ́ fún irú ọkùnrin yìí. Ọkùnrin yìí ò tilẹ̀ gbọ́.

"Àwòrán!" ni ó ké. "Mo wọ ibẹ̀! Mo gun àtẹ̀gùn rẹ̀! Akọ̀wé, fún un ní ẹ̀dà ìròyìn mi. Lù ú ní òǹtẹ̀ lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Kó gbé e lọ sílé, kó máa fi kọ́ ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀."

Lórí bẹ́ǹṣì ìta ni aránṣọ ti ka ìròyìn náà. Mo kọ ọ́ síbí bó ṣe wà, mi ò fi ọwọ́ kàn án:

"Mo wọlé, mo rìn káàkiri. Mo gun àtẹ̀gùn onímábù, ipele mẹ́rìnlá. (Àtẹ́wọ́.) Mo wọ yàrá mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù. Mo fi ọwọ́ kan kọ́tìnì búlúù, sílíìkì gidi ni. (Àtẹ́wọ́.) Lójú fèrèsé kẹta, ológbò olówó iyebíye kan ń sùn. Mo fọwọ́ pa á lórí. Ó la ojú, ó dá mi mọ̀, ó sì padà sùn. (Àtẹ́wọ́ gígùn.) Nítorí ológbò náà, kí wọ́n fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé owó-orí. Mo ṣí fèrèsé, mo yọjú síta, mo juwọ́ sí àwọn ará àdúgbò, wọ́n sì hó fún mi. (Wọ́n dìde.)"

Ẹ rí i pé akọ̀wé kò fo ohunkóhun. Aránṣọ kọ́kọ́ rò pé òun ló ń ya wèrè. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n láti inú, ẹ̀rín tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹkún. Akọ̀wé gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni ń wá nǹkan nílẹ̀.

"Màdáámù," ni ó sọ láìwo ojú rẹ̀, "Ìgbìmọ̀ ń jókòó ní ọjọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn oṣù. Ẹ tọ́jú ìwé yẹn dáadáa. Èmi kọ́ ni mo sọ fún yín o."

Àtọjọ́ náà ni aránṣọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀rí jọ. Kò mọ ìwé òfin, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìwọ̀n. Ó mú téèpù ọrùn rẹ̀, ó wọn ilé náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri. Lẹ́yìn náà ó tẹ́ bébà ìgéṣọ sílẹ̀, ó gé ilé náà bí ìgbà tí wọ́n bá ń gé kóòtù fún oníbàárà: iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ́tọ̀. Nígbà tó lẹ̀ wọ́n pọ̀, iwájú ga ju ẹ̀yìn lọ ní ìlọ́po méjì. Kò sí aránṣọ láyé tó máa rí kóòtù bẹ́ẹ̀ tí kò ní mọ̀ pé kò sí ẹ̀yìn níbẹ̀.

"Kí lò ń wọ̀n láti àárọ̀, ìyàwó mi?" ni ìyá bi í.

"Kóòtù kan ni, Ìyá."

"Kóòtù tó ga tó báyẹn?" Ìyá wo òkè, ó wo bébà, ó mi orí. "Ẹni tó ni ín á gùn o."

Aránṣọ tẹ orí mọ́lẹ̀ sórí bébà. Ohun tó ń dà á láàmú jù nìyí. Bí ẹ̀rí òun bá lágbára tó, ìyá ò ní pẹ́ gbọ́ pé ọmọ òun pa irọ́ fún òun títí ó fi kú, ìyàwó rẹ̀ sì ràn án lọ́wọ́. Bí ẹ̀rí náà kò bá sì lágbára, ìyá á kúrò nínú ilé náà pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn yẹn. Ọ̀kan nínú méjèèjì ló gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀. Ó tún gé bébà mìíràn.

Ó bẹ gáádì ilé ìlagi, gáádì náà sì jẹ́ kí onífọ́tò àdúgbò gun orí ògiri gàgàrà wọn. Onífọ́tò wò lẹ́ẹ̀kan, ó sọ kámẹ́rà kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó ké sí i láti òkè, "òkè yín dà?"

"Ṣáà ya fọ́tò, àbúrò. Má bi mí léèrè."

Ó ya méjìlá. Ẹ̀rí tó kẹ́yìn ni aránṣọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: ìwé iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, níbi tó máa ń kọ gbogbo ọ̀dà tó bá lò sí. Ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti oṣù: "Ilé mi. Fèrèsé mẹ́fà. Búlúù, agolo mẹ́ta. Ológbò kan, pupa pẹ̀lú funfun díẹ̀ ní àyà. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín." Ó jókòó ti ìwé náà pẹ́. Ó gbàgbé pé òun rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Èèyàn mẹ́ta ló wà nínú Ìgbìmọ̀ Ìtúnyẹ̀wò. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni alága wọn, obìnrin kan tí kì í gba ohunkóhun gbọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tíì kàn. Afojúwọnlé dé pẹ̀lú òṣìṣẹ́ méjìlá. Ọ̀kan gbé àga rẹ̀, ọ̀kan gbé tìmùtìmù àga náà, ọ̀kan gbé omi. Bó ṣe fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà ni wọ́n pariwo, "Ojú yín ríran, ọ̀gá!"

"Ta ló ń pariwo létí mi?" ni alága béèrè.

Aránṣọ gbé ẹ̀rí rẹ̀ kalẹ̀: ilé bébà, fọ́tò méjìlá, ìwé iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, àti ìròyìn ọ̀gá fúnra rẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀ lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Ó tò ó bó ṣe máa ń to aṣọ oníbàárà, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Alága fọwọ́ kan gbogbo rẹ̀. Ó gbé ilé bébà náà sókè, ó yí i, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

Afojúwọnlé dìde. Ó tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá ìgbìmọ̀," ni ó bẹ̀rẹ̀, "fọ́tò ni wọ́n gbé wá bá ojú! Kámẹ́rà ni wọ́n gbé wá bá èmi! Mo bi yín, láàárín ojú mi àti kámẹ́rà, èwo ló kọ́kọ́ dé ayé? Wọ́n tún ya ẹ̀yìn ilé. Ẹ̀yin èèyàn, kí ni ẹ̀yìn ilé? Ibi tí wọ́n ń da omi sí! Láti ọdún tí mo ti wà nípò yìí, mi ò wo ẹ̀yìn ilé ẹnikẹ́ni rí, nítorí mo ní ọ̀wọ̀ fún ara mi!"

Àwọn méjìlá pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ṣé ẹ gun òkè ilé yìí?" ni alága bi í.

"Mo gùn ún."

"Àtẹ̀gùn onípele mélòó?"

"Mẹ́rìnlá. Onímábù ni."

"Obìnrin yìí ní kò sí òkè rárá."

Ojú Afojúwọnlé tàn. "Alága, ẹ̀tàn rẹ̀ ti yé mi wàyí. Obìnrin yìí ti wó o! Nígbà tó rí lẹ́tà mi, ó wó òkè láti fi sá fún owó-orí."

"Ó wó yàrá mẹ́fà," ni alága wí, "ó wá fi ògiri iwájú sílẹ̀."

"Àrékérekè ni, màmá."

"Ológbò ńkọ́?"

"Ológbò ṣì wà níbẹ̀. Mo rí i láàárọ̀ yìí bí mo ṣe ń kọjá. Ó ń sùn."

"Wọ́n wó yàrá mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, kò jí?"

Òṣìṣẹ́ tó gbé tìmùtìmù bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ibí yìí ni ọlọ́gbọ́n á ti ní ẹ̀fọ́rí ń ṣe òun, á sì máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún lójoojúmọ́ kò ní mọ̀gbà tó yẹ kó jókòó.

"Oorun ọlọ́lá ló ń sùn!" ni Afojúwọnlé ké. "Ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀! Kí gbogbo ayé wá wò ó!"

"Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn," ni alága wí, ó sì mú báàgì rẹ̀.

Ìdajì ìlú ti dé òpópó ilé ìlagi kí wọ́n tó débẹ̀. Alága ní kí wọ́n gbé àga òun sójú títì. Afojúwọnlé sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, àwọn kan sì na ọrùn láti wo ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí wọn ò tíì rí i nílẹ̀ rí.

"Ọ̀gá, ẹ wọlé," ni alága sọ fún un. "Ẹ gun àtẹ̀gùn onípele mẹ́rìnlá yẹn. Ẹ ṣí fèrèsé kẹta, kí ẹ pa ológbò lórí, kí ẹ sì juwọ́ sí wa bí ẹ ti ṣe lọ́jọ́sí. Bí a bá ti rí ọwọ́ yín lójú fèrèsé, ọ̀rọ̀ parí, kí obìnrin yìí lọ sanwó."

Aránṣọ tẹ̀ lé e wọlé. Kì í ṣe ọ̀gá ló ń ṣọ́, ìyá ni. Ìyá jókòó lórí àga rẹ̀ láàárín pálọ̀, ọwọ́ lé itan. Afojúwọnlé gba iwájú rẹ̀ kọjá láìkí i. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá àkọ́kọ́, ó tì í. Ó ṣí ti èkejì. Ó wo ilé ìdáná. Ó ṣí ilé ìwẹ̀, ó dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni pé àtẹ̀gùn lè yọ nínú kòtò omi. Ó tilẹ̀ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí aránṣọ ń kó aṣọ oníbàárà sí, ó ti orí bọ inú rẹ̀.

"Kí lẹ ń wá, ọ̀gá?" ni ìyá bi í.

"Àtẹ̀gùn."

"Háà," ni ìyá wí, pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. "Ẹ máa wá a. Ọdún mọ́kànlá rèé tí èmi náà ti ń wá a."

Aránṣọ yíjú sí i. Ìyá ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀gá ló ń wò, bí ẹni ń wo adìẹ tó ṣìlé wọ̀.

Afojúwọnlé jáde sí àgbàlá. Òógùn ti bò ó. Àkàbà akunlé ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀kán ọ̀dà búlúù lára rẹ̀, ó sì gbé e ti páànù. Ó ti gun ipele méjì kó tó rántí pé ó yẹ kí ẹnì kan dì í mú. Ó wo ilẹ̀. Aránṣọ nìkan ló wà níbẹ̀. Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn ì bá ṣe, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n. Aránṣọ di àkàbà náà mú ṣinṣin ní tirẹ̀, nítorí ó fẹ́ kí ọ̀gá dé òkè dáadáa.

Ọ̀gá rákò lórí páànù gbígbóná náà títí ó fi dé ìdí ògiri. Búlọ́ọ̀kù lásán ló bá níbẹ̀, láìsí fèrèsé, láìsí kọ́tìnì, láìsí ológbò. Ògiri náà sì ga jù ú lọ. Ohun tó wá ṣe yìí, ìgbéraga nìkan ló lè kọ́ ènìyàn: ó dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó na apá sókè ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́.

Àwọn tó wà ní títì rí ọwọ́ kan tó yọ lókè ilé, lókè gbogbo fèrèsé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tó ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ológbò ń sùn. Nígbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́ méjìlá, tí ọ̀pọ̀ ọdún ti kọ́ lẹ́nu, tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún wọn pé kí wọ́n dákẹ́, pariwo lẹ́ẹ̀kan náà:

"Ojú yín ríran, ọ̀gá!"

Láti àgbàlá ni aránṣọ ti gbọ́ ẹ̀rín tí gbogbo títì bú sí. Ó ní òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Alága nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Mo rí ọwọ́," ni ó wí fún akọ̀wé. "Kọ ọ́ sílẹ̀. Má fo ohunkóhun." Akọ̀wé sì kọ ọ́, pẹ̀lú ìdùnnú tí kò lè pa mọ́. Lókè lọ́hùn-ún, páànù ti ń jó ọ̀gá lẹ́sẹ̀, ó sì ń ké, "Ẹ gbé mi sọ̀kalẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi sọ̀kalẹ̀!" Gáádì ilé ìlagi ló wá gbé e wálẹ̀ ní èjìká.

Nígbà tí alága ti fagi lé owó-orí náà, tí wọ́n sì lọ tán, aránṣọ kúnlẹ̀ síwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Ìyá, ẹ dárí jì wá. Ẹ dárí jì í."

"Kí n dárí kí ni jì yín? Dìde, o jàre. Gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀, páànù ló ń lù lórí mi gbàràgbàrà. Ṣé ẹni tí yàrá mẹ́fà wà lókè orí rẹ̀ máa ń gbọ́ òjò bẹ́ẹ̀? Ọmọ mi fẹ́ kí n yangàn láwùjọ, èmi náà bá a yangàn." Ìyá fi etí aṣọ nu ojú. "Wọn ò ní sọ pé ká pa ológbò yẹn rẹ́, àbí?"

"Rárá, Ìyá."

"Ó dáa."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ò tíì parí tí àwọn onílé fi ń tò sẹ́nu ọ̀nà Ìgbìmọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà wọn. Ẹni kan, wọ́n bu owó-orí lé e nítorí adágún ìwẹ̀ tó jẹ́ omi òjò. Ẹni kan, wọ́n ní ó ní gáréèjì ọkọ̀ mẹ́ta, ilé adìẹ ni. Gbogbo ìròyìn wọn ló ní "Mo wọlé, mo rìn káàkiri," pẹ̀lú àtẹ́wọ́ tí akọ̀wé kọ sínú rẹ̀. Àwọn aláṣẹ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ Afojúwọnlé, wọ́n ha orúkọ oníwúrà náà kúrò lára ilẹ̀kùn, wọ́n sì fún un ní téèpù. Wọ́n ní kó fi ẹsẹ̀ rìn dé gbogbo ilé tó ti díye lé, kó wọ̀ ọ́, kó wọ̀n ọ́n, kó sì máa ka ìròyìn tuntun ní gbọ̀ngàn ní gbogbo Ọjọ́ Ajé, bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ilé aránṣọ ló kọ́kọ́ kàn. Ní Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, aránṣọ lọ gba ẹ̀dà ìròyìn tirẹ̀, ó sì jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ò dìde nígbà tí ọkùnrin náà wọlé. Erùpẹ̀ wà lẹ́nu bàtà rẹ̀. Ó tú ìwé rẹ̀.

"Mo wọlé, mo rìn káàkiri," ni ó kà, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. "Yàrá méjì, pálọ̀ kan. Àtẹ̀gùn, kò sí. Yàrá òkè, kò sí. Fèrèsé mẹ́fà, àwòrán." Ó dúró. "Ológbò kan. Àwòrán."

Ó wo iwájú, bó ṣe máa ń ṣe, ó ń retí àtẹ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wo ilẹ̀. Aránṣọ gbé àpamọ́wọ́ rẹ̀ sórí itan, ó dìde dúró, ó sì pàtẹ́wọ́ fún un dáadáa, òun nìkan.

"Ojú yín ríran, ọ̀gá," ni ó wí.